Agolo Kan Náà, Ikùn Ọ̀tọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Fílítà Ọ́ìlì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ fílítà ọ́ìlì ni, agolo kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí a sì ń gbàgbé títí di ọjọ́ sáfíìsì mìíràn. Agolo kékeré yìí ni ó kù díẹ̀ kí ó jẹ owó oṣù ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀ka wa mọ́ ọn lẹ́nu. Nítorí náà a kò lè dákẹ́.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Arákùnrin wa yìí ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ìbàdàn, ọkọ̀ kún. Nígbà tí ó kọjá Mowé, iná ọ́ìlì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yà sẹ́bàá títì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó pa ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké kọ́kọ́kọ́ bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Gbogbo wa ni a mọ igbe yẹn. Àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n bú u, wọ́n gba owó wọn padà, wọ́n wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ. Wọ́n wọ́ bọ́ọ̀sì náà wálé. Lọ́jọ́ kejì, ìwé dé láti ọ́fíìsì: wọ́n ní kò wo ọ́ìlì kí ó tó gbéra, wọ́n ní àìbìkítà rẹ̀ ni ó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, àti pé wọn yóò máa yọ owó ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó wo ọ́ìlì. Kọ́ńdọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ó fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹ̀rí kọ́ńdọ́ gbọ́ níwájú máníjà?

Ohun tí ó yọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ tí bàbá kan ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù sọ, ẹni tí ó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe láti ayé mólúè 911. Bàbá ní, "Ṣé ẹ ti la fílítà rẹ̀ wò? Ẹ jẹ́ kí a là á." Fílítà náà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lára ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n là á, àṣírí tú. Bébà inú rẹ̀ ti ya lójú ìṣẹ́po, ọ̀pá oníhò tí ó yẹ kí ó gbé bébà náà ró láàárín ti rún wọlé, àjákù bébà sì ti bá ọ́ìlì lọ sínú ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà dé ọ̀dọ̀ bíárìn. Ọ́ìlì wà nínú ẹ́ńjìnnì náà o. Kò rí ọ̀nà dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ ni.

Bàbá kò fi mọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa fílítà ògbólógbòó kan jáde lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ó ti tú lára ọkọ̀ kan náà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Orúkọ kan náà ni ó wà lára méjèèjì, nọ́ńbà kan náà, àwọ̀ kan náà. Ó la èyí náà. Ti àtijọ́: irin ni ó dé orí àti ìdí bébà, ọ̀pá àárín rẹ̀ le, rọ́bà inú rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ bí etí ọmọdé lẹ́yìn gbogbo ooru tí ó ti rí. Ti tuntun: páálí ni ó wà níbi tí irin wà tẹ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò yí i ká tán, ọ̀pá àárín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí agolo tòmátò, rọ́bà rẹ̀ sì ti gan bí awọ gbígbẹ. Ẹni kankan kò kéde ìyípadà yìí fún wa. Owó tí wọ́n gbà kò dín kù, ó lé sí i ni.

Àwọn kan sọ lójú ẹsẹ̀ pé ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tí ó ni orúkọ náà ni ó yí ọjà rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Fún awakọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ ní Mowé, kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì? Ohun tí àwa fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé orúkọ, àwọ̀ àti nọ́ńbà tí ó wà lára agolo kò lè sọ ohun tí ó wà nínú agolo fún yín. Ojú ni ó lè sọ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá là á.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ fílítà fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa. Asẹ́ ni. Gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ ti sẹ́ ògì rí mọ iṣẹ́ asẹ́: bí asẹ́ bá ya, èèrí a bá ògì lọ sínú ìkòkò; bí asẹ́ bá dí, ògì kò ní í kán. Nínú ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù a fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀, a tì í sínú fílítà. Ọ́ìlì a gba àwọn ihò kéékèèké tí ó yí ẹnu fílítà ká wọlé, a la ara bébà kọjá, a sì gba ihò ńlá àárín jáde lọ bá bíárìn, kíránkì àti àwọn yòókù. Ẹ̀gbin tí ó ń sá fún kì í ṣe òkúta. Èéfín dúdú ni, eruku ojú títì ni, àti irin tí ó ń bó lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, irun orí wa nípọn tó nǹkan bí 70 nínú rẹ̀. Èyí tí ó tó 20 péré, tí ojú lásán kò lè rí, lè họ bíárìn. Ìdí nìyí tí wíwo ọ́ìlì lórí ọ̀pá ìwọ̀n nìkan kò fi tó.

Nínú agolo yìí, ohun méjì tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí. Èkíní ni fáàfù àbùjá. Bí bébà bá dí pátápátá, tàbí bí ọ́ìlì bá ki ní òwúrọ̀, fáàfù yìí a ṣí kí ọ́ìlì lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìgba inú bébà, nítorí pé ọ́ìlì ẹlẹ́gbin sàn ju kí ẹ́ńjìnnì gbẹ lọ. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ṣe fáàfù náà sí, kò sí nínú fílítà. Bí síprín-ìn fáàfù bá rọ̀ jù, ọ̀nà àbùjá a wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo, asẹ́ a di ọ̀ṣọ́ lásán. Bí ó bá le jù, bébà a rún. Èkejì ni rọ́bà pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́yìn àwọn ihò ẹnu fílítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ọ́ìlì dúró nínú agolo nígbà tí a bá pa ọkọ̀, pàápàá nínú àwọn ọkọ̀ tí fílítà wọn sùn sí ẹ̀gbẹ́ tàbí tí ó dorí kodò. Bí rọ́bà yìí bá gan, ọ́ìlì a ṣàn padà sísàlẹ̀ lóru, bí ẹ bá sì ta ọkọ̀ láàárọ̀, iná ọ́ìlì a pẹ́ kí ó tó kú, ẹ́ńjìnnì a sì kọ́kọ́ máa ké fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gbọ́ irú igbe yìí láràárọ̀, ẹ má sọ pé bí ọkọ̀ yín ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Rọ́bà dúdú tí wọ́n sábà máa ń lò ń gan nínú ooru. Èyí tí wọ́n fi sílíkóònù ṣe, tí ó sábà máa ń ní àwọ̀ ọsàn tàbí pupa, ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò láti inú ihò kí ẹ tó rà á.

Nísinsìnyí, a fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà nílé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀yin mọ bí irú ìyípadà báyìí ṣe ń wọlé. Kò sí ẹni tí ń pe ìpàdé pé kí a máa ṣe ọjà burúkú. Ìwé kékeré ni yóò ti òkè wá: a ti pààrọ̀ ẹni tí ń tà páànù fún wa, ẹ lo èyí tí ó fẹ́lẹ́ díẹ̀, ẹ dín gọ́ọ̀mù kù, ẹ̀rọ ni kí ó máa yára sí i. Àlẹ̀mọ́ ara agolo kò yí padà. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni ó pinnu rẹ̀. Ẹ̀yin sì ni ẹ kọ́kọ́ ń rí i.

Orúkọ ọjà jẹ́ ohun ìní tí wọ́n ń tà bí ilẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1932 ni wọ́n dá FRAM sílẹ̀. Bendix rà á ní 1967. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ Allied, ẹni tí ó wá padà di Honeywell. Ní 2011 Honeywell ta á fún Rank Group. Ó tún bọ́ sọ́wọ́ First Brands Group, àwọn yẹn sì lọ sí kóòtù ní oṣù Kẹsàn-án 2025 láti wá ààbò lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Purolator náà ńkọ́, orúkọ tí ó ti wà láti 1923 nígbà tí Ernest Sweetland àti George Greenhalgh gbé asẹ́ ọ́ìlì ti ọkọ̀ jáde? Ní 2006 Bosch àti Mann+Hummel jọ rà á. Ní 2013 ó di ti Mann+Hummel nìkan. Ní 2016 wọ́n tún ra Wix, tí ó ti jẹ́ oníṣòwò alátakò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mọ́ ọn. A kò sọ pé fílítà wọ̀nyí burú. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń ra orúkọ kan nítorí pé bàbá rẹ̀ rà á, kí ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ilé tí ó ń ṣe é nígbà ayé bàbá rẹ̀ máà jẹ́ ilé tí ó ń ṣe é lónìí. Ó dára kí a máa ka ibi tí wọ́n ti ṣe é lára agolo nígbàkígbà tí a bá rà á, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Nílé wa níhìn-ín, ọ̀ràn náà tún le sí i. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń fi tún ọkọ̀ ṣe, ojú omi ni ó ń gbà wọlé. A rántí pé Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkejà ní 2008. Nígbà tí wọ́n ń ṣe nǹkan nítòsí, a mọ ẹnu ọ̀nà tí a lè lọ kàn bí ọjà bá bàjẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n wà nínú ọgbà náà. Lónìí, bí fílítà bá ya nínú agolo, ta ni a ó kàn? Ẹni tí ó tà á ní Ládípọ̀ yóò ní inú kọ̀ǹténà ni òun ti rà á. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, iye gbogbo ohun tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ ti fò sókè, àwọn olówó ọkọ̀ sì ń wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. A kò bá wọn jà lórí èyí, ebi ń pa gbogbo wa. Ṣùgbọ́n iye fílítà mélòó ni ó lè ra ẹ́ńjìnnì kan?

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ sí ara wa pẹ̀lú. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń gba owó fílítà gidi lọ́wọ́ ọ̀gá, tí wọ́n ń ra ayédèrú, tí wọ́n sì ń kọ rìsíìtì fún ara wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín ni ẹ ń fi owó yẹn pa.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìyípadà ni ó burú, a kò sì fẹ́ kí ẹ di ẹni tí ń fi ẹnu ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Àwọn kan ń ka ìṣẹ́po bébà, bí ó bá dín, wọ́n á ní wọ́n ti rẹ́ wa jẹ. Bébà mìíràn wà tí wọ́n fi okùn gíláàsì tín-ínrín ṣe. Ìṣẹ́po rẹ̀ lè dín, kí ó sì mú ẹ̀gbin ju ti àtijọ́ lọ. Páálí tí wọ́n lẹ̀ dáadáa lè ṣiṣẹ́ ju irin tí wọ́n lẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn kan sì ń wọn agolo lọ́wọ́, wọ́n ní èyí tí ó wúwo ni ó dára. Agolo nípọn kì í sẹ́ ọ́ìlì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ara páálí: bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń mú ẹ̀gbin 99 nínú 100, ẹ bi wọ́n léèrè bí ẹ̀gbin náà ṣe tóbi tó. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, nọ́ńbà rẹ̀ ni ISO 4548-12. Ẹni tí ó bá ṣe é yóò lè dáhùn. Mímú 99 nínú ẹ̀gbin tí ó tó 20 kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú mímú 99 nínú èyí tí ó tó 40.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ máa wò ni èyí tí kò ní àwíjàre: bébà tí ó ya, ìṣẹ́po tí ó kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, gọ́ọ̀mù tí kò dé ibi tí ó yẹ, ọ̀pá àárín tí ó rún, rọ́bà gígan, ẹnu tí ìdè rẹ̀ rí jágajàga. Bí ẹ bá fẹ́ là á, ẹ dà á dojú bolẹ̀ sun kí ọ́ìlì rẹ̀ ro tán. Ẹ má fi ayùn irin gé e, nítorí pé ayùn yóò bu irin sínú bébà, ẹ ó sì wá máa ka irin ayùn sí irin ẹ́ńjìnnì. Irin ìlafílítà tí ó rí bí ìṣágolo ńlá wà, ẹ̀ka lè ra ẹyọ kan fún gbogbo wa. Ẹ gé bébà náà kúrò, ẹ fún un nínú fáìsì kí ó gbẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun nínú oòrùn. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Èyí tí ó bá ń dán bí bàbà tí kò sì lẹ̀, bíárìn ni ó sábà máa ń ti wá, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ náà jáde. Irú èyí yóò sọ̀rọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó ké.

Nípa dídè é, ẹ kàn rí i dájú pé rọ́bà fílítà àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó de tuntun, nítorí rọ́bà méjì lórí ara wọn yóò tu gbogbo ọ́ìlì dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọwọ́ ni kí ẹ fi dè é. Ìwé ara agolo ni yóò sọ bí yóò ti le tó.

Ó kù ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ̀yin aláṣẹ tí ẹ ń ka ìwé wa yìí (a mọ̀ pé ẹ ń kà á), ẹ ṣí Labour Act, tí ó ti wà láti 1974, sí apá 5. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí pé ó ṣe àìbìkítà, wọ́n lè yọ ìwọ̀nba owó, ṣùgbọ́n ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba tí òfin yàn gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ. Ta ni ó fọwọ́ sí ti arákùnrin wa? Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí i. Nígbà tí a gbé fílítà méjèèjì lélẹ̀ lórí tábìlì máníjà, tí a sì ka apá òfin yẹn sí i létí, wọ́n gba ìwé wọn padà. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé bí bàbá mẹkáníìkì kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà, òṣìṣẹ́ ni yóò san án.

Nítorí náà, ẹ̀ka wa yóò béèrè pé kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn wa pẹ̀lú ilé iṣẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì kankan bá nọ́ọ̀kì, a kò ní í fi ìwé ẹ̀sùn lé awakọ̀ lọ́wọ́ títí a ó fi la fílítà rẹ̀ lójú awakọ̀ náà, mẹkáníìkì kan àti aṣojú ẹgbẹ́. A óò tún béèrè pé bí sítọ̀ bá fẹ́ yí irú fílítà padà, kí wọ́n kọ́kọ́ fún wọ́kíṣọ́ọ̀pù ní ẹyọ kan láti là wò, kí wọ́n sì máa rà á lọ́dọ̀ ẹni tí yóò kọ rìsíìtì tí ó ní orúkọ àti àdírẹ́sì. Bí a bá tún rí èyí tí ó ya nínú agolo, a ó gbé e pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀ lọ sí Standards Organisation of Nigeria, nítorí irú iṣẹ́ yìí gan-an ni òfin 1971 ṣe dá wọn sílẹ̀.

A ti gbé ìwé ńlá kan sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù, ó so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì pẹ̀lú okùn. Ẹ máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, ọjọ́ tí a dè é, ọjọ́ tí a tú u, orúkọ àti nọ́ńbà fílítà, orílẹ̀-èdè tí ó wà lára agolo, àti ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí ó sọ fún ẹlòmíràn kí ó bá a kọ ọ́. Dírọ́ọ̀mù pupa tí ó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ máa kó fílítà àtijọ́ sí. Ẹ má jù wọ́n sí gọ́tà mọ́, ẹ má sì tà wọ́n fún àwọn onípáànù kí a tó là wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ olówó ọkọ̀ ṣiṣẹ́, tí ẹ kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, ẹ mú tiyín wá pẹ̀lú. Bàbá ti ní òun yóò máa là wọ́n ní ọ̀sán Sátidé, láìgba kọ́bọ̀.